Idà Èlíjà, Ọrùn Àwọn Ará Jùdíà: Ọjọ́ Mẹ́jọ Lórí Ìrìn-àjò

Ọjọ́ Ajé

Kì í ṣe torí kí n lè máa kọ JP (Jerusalem Pilgrim) sẹ́yìn orúkọ mi ni mo ṣe dá owó ìrìn-àjò yìí jọ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ kan ní kíláàsì Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń kọ́ ló bi mí ní ìbéèrè tó há mi lọ́fun. À ń ka ìtàn Fínéhásì nínú ìwé Nọ́ńbà orí 25: ó mú ọ̀kọ̀, ó wọ àgọ́ lọ, ó gún ọkùnrin Ísírẹ́lì kan àti obìnrin Mídíánì tó mú wálé ní àgúnpọ̀, Ọlọ́run sì yìn ín nítorí ìtara rẹ̀. Ọmọ náà nawọ́. "Àǹtí, tí èmi náà bá ní ìtara, ṣé mo lè gún èèyàn?" Mo ní kó jókòó, ká máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ojú ara mi tì mí títí mo fi délé.

Torí náà, bí àwọn tó kù ṣe ń di ìgò tí wọ́n fẹ́ fi bu omi Jọ́dánì, ìwé àjákọ ni mo dì ní tèmi.

Èkó sí Addis Ababa, Addis Ababa sí Tel Aviv. Ẹni tí wọ́n pín mi pọ̀ mọ́ ní yàrá jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra, wọ́n ti yọ Bíbélì wọn síta, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Wò ó bó ṣe nípọn ju tìrẹ lọ. Ìwé Mákábè méjèèjì wà nínú tèmi. Ìwọ lo pàdánù." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìwé náà la máa fi sùn, tá a máa fi jí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ la balẹ̀. Wọ́n bi wá léèrè títí ẹnu fi ro wá: ta ló di ẹrù yín, ta lẹ mọ̀ níbí, kí ni orúkọ bàbá bàbá yín. Bọ́ọ̀sì gbé wa, ó di Kesaréà létí òkun.

Hẹ́rọ́dù ló kọ́ ìlú náà, ibẹ̀ sì làwọn gómìnà Róòmù ń gbé. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù wà lára rẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n rí i. Ojúlówó rẹ̀ ti wà ní mùsíọ́mù ní Jerúsálẹ́mù, àwòkọ lèyí tó wà lójú kan. Ìyẹn ò ní ká má ya fọ́tò. Amọ̀nà wa, Júù ará Haifa kan, ń wo aago. Ó kó wa lọ sí pápá eré ẹṣin tó nà gbọọrọ lẹ́bàá òkun, ó ní ká jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta.

Josephus, Júù òpìtàn ayé ìgbà náà, ló kọ ìtàn tó sọ fún wa sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún 26 lẹ́yìn ìbí Kristi, Pílátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí oyè, ó ní kí àwọn ọmọ ogun gbé ọ̀págun tí ère Késárì wà lára rẹ̀ wọ Jerúsálẹ́mù. Òru ló ní kí wọ́n gbé e wọlé, torí ó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìlú dàrú. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn fẹsẹ̀ rìn wá sí Kesaréà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ yí ilé Pílátù ká, ọjọ́ márùn-ún, òru márùn-ún, wọn ò kúrò. Lọ́jọ́ kẹfà ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ìdáhùn òun ní pápá. Wọ́n péjọ tán, àfi bí ọmọ ogun ṣe yọ sí wọn, ìlà mẹ́ta, wọ́n yí wọn po. Pílátù ní ẹni tí kò bá fara mọ́ ère Késárì, òun máa bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n yọ idà.

Gbogbo wọn ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti bára wọn ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n na ọrùn. Wọ́n ní kó máa bẹ́ ẹ, ó sàn fún àwọn ju kí àwọn rú òfin lọ.

Pílátù ní kí wọ́n lọ kó ọ̀págun náà kúrò ní Jerúsálẹ́mù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sáàárín pápá. Mo kúnlẹ̀, mo na ọrùn, kí n lè mọ ohun tí ẹni tó na ọrùn ń rí. Iyanrìn ni mo rí, ìkarahun funfun kékeré kan tó ti là sí méjì, àti bàtà Màmá. "Ìyá Ìbejì, kí lo sọnù?"

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé gbogbo ìgbà ni ọgbọ́n yìí ń jẹ o. Pílátù yìí kan náà mú owó Tẹ́ḿpìlì, ó fi ń la ojú omi wọ Jerúsálẹ́mù. Àwọn èèyàn tún yí i ká, wọ́n ń pariwo. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti da ọmọ ogun tó wọ aṣọ ará ìlú sáàárín wọn, kóńdó wà lábẹ́ aṣọ. Ó fún wọn lámì. Àwọn kan kú sí kóńdó, àwọn kan kú sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá lọ.

Ní ìlú yìí náà, ní nǹkan bí ọdún 260, wọ́n fẹ́ fi ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Marinus ṣe balógun ọ̀rún. Ẹni tó ń bá a du ipò náà lọ tú àṣírí rẹ̀ pé Kristẹni ni, kò lè rúbọ sí Késárì. Adájọ́ fún un ní wákàtí mẹ́ta kó fi ronú. Theotecnus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò díẹ̀, ó nàka sí idà tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó sì gbé ìwé Ìhìn Rere síwájú rẹ̀: mú ọ̀kan. Ó nawọ́ mú ìwé. Nígbà tí wákàtí pé, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Inú mi dùn sí ìtàn yẹn, àfi ìgbà tí Màmá sọ̀rọ̀: "Bíṣọ́ọ̀bù yẹn le o. Òun fúnra rẹ̀ padà sílé lọ jẹun alẹ́." Mi ò rò ó síbẹ̀ rí.

Ọ̀sán, a gun Òkè Kámẹ́lì dé Muhraqa. Ère Èlíjà wà níbẹ̀: ó na idà sókè, wòlíì Báálì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Odò Kíṣónì, níbi tó ti pa wọ́n, wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀; Bíbélì ní 450 ni wọ́n. Bí àwọn èèyàn wa ṣe rí ère náà ni àdúrà gbiná. "Ọlọ́run Èlíjà, fi iná dáhùn! Gbogbo ọ̀tá ilé bàbá mi, ẹ kú! Ẹ kú! Ẹ kú!" Èmi náà ṣe Àmín bíi mẹ́ta, n ò ní purọ́. Awakọ̀ wa, Lárúbáwá ará Násárẹ́tì, ń wò wá, ó ń mu sìgá. Ìgbà tá a padà sínú bọ́ọ̀sì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí abúlé Samaríà tí kò gba Jésù sílé, tí Jákọ́bù àti Jòhánù ní kí iná ti ọ̀run wá jó o. Ó yíjú padà, ó bá wọn wí, wọ́n sì gba abúlé mìíràn lọ.

Mo bi amọ̀nà léèrè ọ̀rọ̀ tí Hébérù ń lò fún ìtara. Ó ní *qin'ah* ni. Mo ní owú ńkọ́? Ó ní *qin'ah* náà ni.

Ọjọ́rú

Tìbéríà la sùn. Òjò àkọ́rọ̀ Oṣù Kọkànlá ti rọ̀, katakata ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹyẹ funfun ń tẹ̀ lé e. Ìgbà ọ̀gbìn nìyí níbí. Bí mo bá wá lóṣù mìíràn, ìtàn òní lè má wọ̀ mí lára.

Ní nǹkan bí ọdún 40, Késárì Gaius, tí wọ́n ń pè ní Caligula, ní kí wọ́n gbé ère òun sínú Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Ó rán Petronius, gómìnà Síríà, tòun ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Nígbà tó dé Tólẹ́máísì tó ń jẹ́ Akko lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù wá bá a, wọ́n kún pápá. Ó wá sí Tìbéríà, wọ́n tún pọ̀ níbẹ̀. Ó ní, ṣé Késárì lẹ fẹ́ bá jagun ni? Wọ́n ní rárá, ikú làwọn ṣe tán láti kú, wọ́n sì dojú bolẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọ̀gbìn ni o, ẹnikẹ́ni kò gbin hóró kan.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí òjò ti rọ̀ kí ọkọ́ ṣì wà lájà. Ohun tó kọ́kọ́ wọ etí Petronius nìyẹn, ó jọ mí lójú ju ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ: àwọn ìjòyè ìdílé Hẹ́rọ́dù sọ fún un pé bí wọn ò bá gbìn, kò ní sí ìkórè, bí kò bá sí ìkórè, kò ní sí owó-orí, olè ló máa gbòde. Wọ́n na ọrùn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n di ọwọ́ mú pẹ̀lú. Petronius ní kí wọ́n padà sóko, ó kọ̀wé sí Késárì pé kó jọ̀ọ́, kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Caligula fèsì pé kó pa ara rẹ̀. Ojú òkun kò dára, ìwé náà pẹ́ lọ́nà. Ìwé mìíràn fi ọjọ́ 27 ṣáájú rẹ̀ dé: wọ́n ti pa Caligula ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 41.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Arbel. Àpáta tó dúró ṣánṣán, ihò pọ̀ lára rẹ̀ bí ilé oyin. Ní ọdún 38 ṣáájú ìbí Kristi, Hẹ́rọ́dù lé àwọn tó ń bá a jà wọ inú ihò wọ̀nyẹn. Olè ni Josephus pè wọ́n. Ó kó ọmọ ogun sínú àpótí, ó fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti orí àpáta, wọ́n ń fi ìkọ́ wọ́ èèyàn jáde, wọ́n ń fi iná sí ihò. Bàbá arúgbó kan wà tó ní ọmọ méje. Ìyàwó àtàwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn jáde. Ó dúró lẹ́nu ihò, ó ń pè wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n. Hẹ́rọ́dù nawọ́ sí i láti òdìkejì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà bú Hẹ́rọ́dù, ó pa ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ́ sísàlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbàdúrà níbẹ̀.

Láti Gálílì yìí ni Júdásì ará Gálílì ti dìde ní ọdún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi, nígbà ìkànìyàn Kúírínù, tó ní Ọlọ́run nìkan ni ọ̀gá, pé ẹni tó bá san owó-orí fún Róòmù ti sọ ara rẹ̀ dẹrú. Mo gbé orúkọ rẹ̀ pamọ́, torí a máa tún pàdé ìdílé rẹ̀. Àwọn méjì tí Jésù sì pè nínú àwọn 12, Mátíù agbowó-orí ni ọ̀kan, Símónì tí wọ́n ń pè ní onítara ni èkejì. Mo rò ó pé wọn ò ní jẹ́ kí àwọn méjèèjì yẹn sùn nínú yàrá kan.

Ọjọ́bọ̀

Wọ́n tún ìrìbọmi ṣe ní Jọ́dánì. Omi tutù bíi yìnyín. Ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ọ̀sì kú, a ń làágùn títí dé Bẹti-Ṣéánì, níbi tó jẹ́ pé ní ọdún 66 àwọn Júù ìlú náà gbè sẹ́yìn ará ìlú wọn, wọ́n bá Júù ẹgbẹ́ wọn jà. Nígbà tí ìjà tán, àwọn ará ìlú náà kó wọn lọ sínú igbó wọ́n sì pa wọ́n lóru. Josephus ní wọ́n ju 13,000 lọ. Mi ò ní nǹkan kan láti sọ sí i. Alẹ́ la wọ Jerúsálẹ́mù.

Ọjọ́ Ẹtì

Gẹtisémánì láàárọ̀ kùtù. Igi ólífì tó ti gbó, tí ara rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Alàgbà kan ní kò sí ibi tí Jésù ti ní ká má gbé idà: Lúùkù orí 22, ẹni tí kò bá ní, kó ta aṣọ rẹ̀ kó ra ọ̀kan. Arábìnrin kan ní kó ka ìyókù rẹ̀: wọ́n mú idà méjì wá, ó ní ó tó. Idà méjì fún ènìyàn 12! Ṣé ogun lẹ fẹ́ fi ìyẹn jà ni, sà? Alàgbà ní àpèjúwe ni. Arábìnrin náà ní tó bá jẹ́ àpèjúwe, etí tí Pétérù gé kì í ṣe àpèjúwe. Ẹ̀rín pa wá. Mo fi tèmi kún un, pé Tertullian, tó jẹ́ ará Kátéèjì ní Áfíríkà, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 200 pé nígbà tí Olúwa gba idà lọ́wọ́ Pétérù, ìgbànú gbogbo ọmọ ogun ló tú. Alàgbà ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀ṣọ́ mélòó ló wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín?" Mẹ́rin ni. Ìbọn wà lọ́wọ́ méjì.

Ní àdúgbò àwọn Júù nínú ìlú àtijọ́, ilé kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilé Tó Jóná. Ó jó nígbà tí Róòmù ṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, wọ́n sì rí i bó ṣe wà: ìkòkò, tábìlì òkúta, èédú. Lára ògiri ilé ìdáná ni wọ́n ti rí egungun apá ọ̀dọ́bìnrin kan. Ọ̀kọ̀ irin kan fara ti ògiri ní igun ilé. Òkúta ìwọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé Kathros sí, ìdílé àlùfáà ńlá, àwọn tí Tálímúdì, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì Júù, ní ègbé ni nítorí kálàmù wọn. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan lè ní ó ń nawọ́ sí ọ̀kọ̀. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀kọ̀ ẹlòmíràn ni. Apá nìkan ló kù, kò sì tọ́ka síbì kankan.

Kí Róòmù tó jó ìlú yìí, àwọn onítara, ìyẹn àwọn Júù tó ń bá Róòmù jà, fúnra wọn ti jó oúnjẹ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n, ti Eleasari ọmọ Símónì, ti Jòhánù ará Gischala, ti Símónì bar Giora, wọ́n ń bára wọn jà nínú odi nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ níta, wọ́n sì dáná sun ọkà tó lè bọ́ ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tálímúdì ní kí ebi lè mú kí gbogbo ayé jà ni. Rábì Yohanan ben Zakkai ní kí wọ́n gbé òun jáde nínú pósí bí òkú, torí òkú nìkan ló ń jáde. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ tó jẹ́ olórí àwọn onítara ló bá a dá ọgbọ́n náà. Rábì náà bọ́ síwájú Vespasian, ọ̀gágun Róòmù, ó ní ìlú kékeré kan ni kó fún òun, Yavne, àtàwọn ọ̀mọ̀wé inú rẹ̀. Ẹ̀sìn Júù tí a mọ̀ lónìí, inú pósí yẹn ló gbà jáde.

Màmá ní, "Wọ́n máa pè é ní ojo."

Ó ṣeé ṣe, Màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Màsádà, odi àtijọ́ tó wà lórí àpáta. Ọkọ̀ orí wáyà la gùn, orúnkún Màmá kò gba ọ̀nà ejò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gùn. Lókè, atẹ́gùn fẹ́ fìlà Alàgbà lọ, a ń wò ó bó ṣe ń rà bàbà lọ sí ọ̀nà Òkun Iyọ̀. Ìbùdó ogun Róòmù ṣì wà nísàlẹ̀, ògiri onígun mẹ́rin, bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣí lọ.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀: ní ọdún 73 tàbí 74, Eleasari ọmọ Jáírì, ti ìran Júdásì ará Gálílì, rí i pé Róòmù máa wọlé lówùúrọ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lóru. Bàbá kọ̀ọ̀kan pa ìyàwó àtọmọ rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ gègé yan ọkùnrin 10 láti pa ìyókù, ẹni tó kẹ́yìn pa ara rẹ̀. Ènìyàn 960. Obìnrin méjì àti ọmọ márùn-ún tó sá pamọ́ ló sọ̀rọ̀. Yigael Yadin wa ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín 1963 sí 1965, ó rí àpáàdì 11 tí wọ́n kọ orúkọ sí, ọ̀kan sọ pé "ọmọ Jáírì". Amọ̀nà wa ń sọ ọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Mi ò bú u. Àmọ́ mo ti ka ibi tí kò kà. Sicarii ni wọ́n ń pe àwọn tó wà lókè yìí, torí ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, nígbà àjọ̀dún, wọ́n á dà bí ará, wọ́n á gún ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀rẹ́ Róòmù, wọ́n á sì bá àwọn èrò ké "yéè!" Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa ni Jónátánì olórí àlùfáà. Nígbà tí wọ́n wà ní Màsádà, ní alẹ́ àjọ Ìrékọjá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ kó Ẹn-Gédì. Àwọn ọkùnrin ìlú sá. Obìnrin àtọmọdé tí wọ́n pa lé ní 700. Júù ni wọ́n, kì í ṣe ará Róòmù. Wọ́n kó oúnjẹ wọn gòkè wá, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn kọjá níbi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí ni.

Mo béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Josephus nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Josephus nìkan náà ló sọ ti 960. Josephus yìí, òun fúnra rẹ̀ wà nínú ihò kan ní Jotapata ní ọdún 67 pẹ̀lú ogójì èèyàn tó mulẹ̀ láti kú, wọ́n ṣẹ́ gègé, gègé sì bọ́ sí i débi pé òun àti ẹnì kan ló kù, wọ́n sì jọ jáde lọ bá Róòmù. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣẹ́ gègé ni gbogbo ìtàn wa wà.

Nígbà tá à ń padà, a yà ní Ẹn-Gédì. Àwọn ará wa wẹ̀, wọ́n ra ìpara ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, tí Konstantínì kọ́, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 335. Ìdílé Mùsùlùmí méjì ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn, torí àwọn Kristẹni ò fọkàn tán ara wọn. Ní 2008, àwọn mọ́ńkì Àméníà àti ti Gíríìkì bára wọn ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, ọlọ́pàá ló là wọ́n.

Ìyẹn kéré. Ní ọdún 388, ní Callinicum lẹ́bàá odò Yúfírétì, bíṣọ́ọ̀bù kan ti àwọn ènìyàn láti jó sínágọ́gù. Késárì Theodosius, Kristẹni, ní kó fi owó rẹ̀ tún un kọ́. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, kọ̀wé sí i, ó tún dojú kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò jẹ́ kí ìsìn tẹ̀ síwájú àfi ìgbà tí Késárì fa àṣẹ rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ Marinus sí ọjọ́ yẹn, kò tó ọdún 130. Wọ́n ti na ọwọ́ padà síbi idà.

Mo tan àbẹ́là méje, mi ò sọ ti ta ni.

Ọjọ́ Ajé

Ọ̀nà 443 sí pápákọ̀ òfurufú gba ẹ̀gbẹ́ Módíìnì. Màmá ṣí ìwé Mákábè kìn-ín-ní, orí kejì, wọ́n ń kà á fún mi nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Ọdún 167 ṣáájú ìbí Kristi: àwọn ìránṣẹ́ ọba Áńtíókù ní kí wọ́n wá rúbọ. Júù kan jáde síwájú. Ìtara gbé Matatíà, àlùfáà arúgbó, ó sáré pa ọkùnrin náà lórí pẹpẹ, ó pa ìránṣẹ́ ọba, ó wó pẹpẹ. Màmá dúró, wọ́n yọ awò ojú. "'Gẹ́gẹ́ bí Fínéhásì ti ṣe.' Wọ́n kọ ọ́ síbí. Ọmọ tó bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ bèèrè."

Wọ́n ń kà á lọ. Àwọn kan sá wọ inú ihò. Ọmọ ogun ọba lé wọn bá lọ́jọ́ ìsinmi. Wọn ò ju òkúta kan, wọn ò sì dí ẹnu ihò, torí ọjọ́ ìsinmi ni. Wọ́n kú síbẹ̀, tòun ti ìyàwó, ọmọ àti ẹran ọ̀sìn, nǹkan bí 1,000 ènìyàn. Matatíà sunkún wọn, ó sì ní bí gbogbo wa bá ṣe bíi tiwọn, a máa tán nílẹ̀. Láti òní lọ, a máa jà lọ́jọ́ ìsinmi. Òkúta kan ò sí lọ́wọ́ wọn, ìtara tiwọn ò sì kéré sí ti Matatíà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá ní kí ọmọ yẹn dìde kó tún ìbéèrè rẹ̀ bi, màá sì ka ìwé Màmá fún un, ibi ọ̀kọ̀ àti ibi ihò.

Àmì kan lójú ọ̀nà tọ́ka sí ibojì àwọn Mákábè. Mo na ara síwájú, mo bi awakọ̀ léèrè pé níbo ni ti àwọn tó kú sínú ihò.

"Àwọn wo?" Ó wò mí nínú dígí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jókòó, a ti ń dé ibi àyẹ̀wò.